Orúkọ Tí Mo Fi Ti Kọ̀ǹpútà Pa

Ojúlé Kẹsàn-án, Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀dùn,
Egan, lọ́nà Ìgàndò,
Alímọ̀ṣọ́, Èkó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà, 2014.

Yahya Àkànní, ọmọ mi,

Báwo ni o, báwo ni Hamdalah ìyàwó wa, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Láti ọjọ́ Sátidé tí o ti pè wá pé Hamdalah ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ẹnu ìyá rẹ kò tíì pa dé. Ó ń kí oòrùn, ó ń kí òjò, ó tiẹ̀ kí ewúrẹ́ Ràímì tó wọlé wá jẹ iṣu rẹ̀. Ọlọ́run tó fún wa ní ọmọkùnrin yìí kò ní gbà á lọ́wọ́ wa. Ọmú ìyá rẹ̀ yóò máa ṣàn, kì í ṣe bí omi ẹ̀rọ Egan o, tó máa ń pariwo hòò-hòò láìmú nǹkan kan jáde, bí odò ni yóò máa ṣàn. Ìwọ náà, agbára iṣẹ́ kò ní tán lára rẹ. Wàá tọ́ ọ, wàá sì jẹun ọmọ. Àmín.

Bí o bá ń bèèrè wa, àlàáfíà ni a wà. Ẹsẹ̀ mi tí mo fi ṣubú láti orí òrùlé tí mò ń kàn ní Ayọ̀bọ̀ ti ń san, mo lè fi ọ̀pá rìn dé ìsọ̀ mi báyìí, ṣùgbọ́n dókítà ní n kò tíì gbọdọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn. Mo bi í pé Àbújá ńkọ́. Ó ní Àbújá gan-an ni òun ń sọ. Ọmọ mi, ojú mi wú lọ́jọ́ náà. Wọ́n fẹ́ sọ ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́ lórúkọ, èmi bàbá bàbá rẹ̀ sì wà ní Egan, mò ń fi òróró ra ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ fi di ọ̀rọ̀ ńlá nínú ilé yìí, nítorí ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé inú rẹ̀ ni a ó ti máa wo ìkómọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé a wà níbẹ̀.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí Bàbá kò kàn pè lórí fóònù. Ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí kò ṣe é sọ lórí fóònù. Ẹnì kan ló ń gbé ọ̀rọ̀ inú fóònù láti Egan dé Àbújá, ẹni náà kò sì lè gbé e láìgbọ́ ọ. Ọláfimíhàn tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ń bọ̀ ní Àbújá lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí àti àpótí kékeré kan rán. Má tíì ṣí àpótí náà. Kà mí dé ìsàlẹ̀ ná.

O rántí pé nínú oṣù karùn-ún lo fi àwo pẹlẹbẹ kọ̀ǹpútà mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, o ní àwọn tó ṣe ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ti kéde pé láti oṣù kẹrin àwọn kò ní máa ṣọ́ ọ mọ́. Ó yé mi dáadáa. Ó dà bí ìgbà tí ẹgbẹ́ onílé bá dá ọdẹ àdúgbò dúró, géètì ṣì wà níbẹ̀, kò kàn sí ẹni tó ń tì í ni. O ní ètò mìíràn wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì láàbò, kí n yan ọ̀kan nínú mẹ́ta. O wá fi ìhàlẹ̀ kún un, o ní bí n kò bá pààrọ̀ rẹ̀, o kò ní gbé ojú ọmọ rẹ wọ inú kọ̀ǹpútà tí kòkòrò ti jẹ. Ìyẹn dùn mí díẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ káfíńtà, ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kòkòrò? Ọjọ́ tí o ti kọ́kọ́ dárúkọ kòkòrò ni mo ti fi oògùn ikán pa kọ̀ǹpútà náà lára yíká, títí dé ìdí wáyà rẹ̀. Sìdíkátù oníkọ̀ǹpútà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé kòkòrò tiwọn kì í gbọ́ oògùn igi. Ó ní kí n má ṣe é mọ́. Mo gbà.

Ràímì, alága ẹgbẹ́ onílé wa, ni kò jẹ́ kí n tètè yan. Ó ní, Káfíńtà, ọ̀fẹ́ tó bá dé Alímọ̀ṣọ́, ìbò ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n bi ọmọ mi pé ta ló ń du ipò. Mo ní kò sẹ́ni tó ń du ipò. Ó ní ìyẹn gan-an ló burú jù, torí ẹni tó bá fún ọ ní ìrẹsì ṣáájú ìbò, o mọ ohun tó ń wá, ẹni tó fún ọ ní nǹkan tí kò wá nǹkan kan ńkọ́? Ó tún gbọ́ lẹ́nu àna rẹ̀ pé ètò ọ̀fẹ́ yìí, gbogbo ayé ló lè wo inú rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ilé tí gbogbo ayé mọ ibi tí wọ́n ti de igi rẹ̀ pọ̀, ṣé ilé nìyẹn àbí ọjà?

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí ìsọ̀, mo fi ránda igi lé e lórí, mo rò ó dáadáa. O mọ̀ pé ìsọ̀ mi kò ní ògiri. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti ń kan ohun gbogbo, ẹni tó ń lọ sí iṣẹ́ ń wò mí, ẹni tó ń bọ̀ ń wò mí. Matilda, tíṣà ilé ìwé ìsàlẹ̀ yẹn, ló kọjá lọ́jọ́ kan tó ní, Bàbá, ẹ má bínú o, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí kan kúrú. Mo wọ̀n ọ́n, lóòótọ́ ló kúrú. Ká ní inú yàrá títì ni mo ti kàn án ni, ọkọ àti ìyàwó tuntun tó ni bẹ́ẹ̀dì ni wọn ì bá mọ̀ ọ́n, kò sì dájú pé ara wọn ni wọn kò ní máa bú. Ṣùgbọ́n ẹni tó kan àga nínú yàrá títì, tó fi kun bo igi jíjẹrà mọ́lẹ̀, ìdí ẹni tó bá jókòó lé e ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Mo padà lọ bá Ràímì, mo ní gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ tìrẹ ṣì wà lápò rẹ, àbí kò sí níbẹ̀? Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ́ àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Àkọ́kọ́, o kọ ọ́ sí i lára pé ó rẹwà, àmọ́ ó wúwo, ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára. Ìyẹn ni ilẹ̀kùn ìrókò lára férémù tí ikán ti jẹ, ọjọ́ tí o bá gbé e kọ́ ni àwọn méjèèjì máa jọ wálẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, o ní òun ló láàbò jù, láti inú àwo ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, bí a bá sì ti pa kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tí a ṣe ni yóò gbàgbé. Ìyá rẹ ní rárá o, ọ̀kan tó ń gbàgbé nǹkan ti wà nínú ilé yìí tẹ́lẹ̀, òun ló sì fẹ́ ẹ, òun kò lè máa tọ́jú méjì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò ní ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó bá kọ̀ǹpútà àgbà mu, àwọn tó ṣe é sì ṣì ń ṣọ́ ọ. Mo ní òun nìyẹn. Igi arère ni. Kì í wúwo, kì í ṣe fáàrí, tí o bá sì ń tọ́jú rẹ̀ lásìkò, yóò bá ọ dé ibi tí o ń lọ.

Sìdíkátù ló wá bá mi fi í sí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bíi tiwa, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìgàndò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Mo bi í pé ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, torí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó ní wọ́n pọ̀. Ó ní ẹnì kan wà ní Jámánì, ẹnì kan wà ní Íńdíà, oníkálukú ń ṣe díẹ̀ díẹ̀, wọn kò gba owó, àwọn mìíràn kò rí ojú ara wọn rí. Yahya, mo pàtẹ́wọ́. Mo ní àáró ni! Nígbà tí bàbá mi wà lóko, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, gbogbo wọn ṣe oko ẹni kan lónìí, wọ́n ṣe ti ẹlòmíì lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo bi Sìdíkátù pé ọjọ́ wo ni ó kàn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó máa bèèrè lọ́wọ́ yín, Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo ní kì í ṣe nínú ilé tèmi. Ó wá ní tí mo bá fẹ́, kí n ṣoore fún ẹlòmíràn tó ń lo kọ̀ǹpútà, ó ti dọ́gba. Mo mọ̀ pé orí ìdúró ni àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń wà láti àárọ̀, torí náà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, mo ti kan bẹ́ǹṣì gígùn kan fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gba ènìyàn márùn-ún, ó ní ibi ìfẹ̀yìntì, mo gbẹ́ ÀÁRÓ sí i lẹ́yìn. Bá mi sọ fún àwọn ará Jámánì yẹn pé a ti san án.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àílà, ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Sìdíkátù kọ́kọ́ kó gbogbo fọ́tò wa àtijọ́ sínú nǹkan kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ní kí ohun tuntun má baà nù ún dànù. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bí ẹni tó wá fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó ní níbo ni mo ń gbé, ó gbé àwòrán ayé jáde. Mo wá Egan títí, kò sí. Mo wá Alímọ̀ṣọ́, kò sí. Èkó nìkan ni wọ́n mọ̀. Mo ní kí Sìdíkátù kọ̀wé sí wọn pé Egan wà, a ní géètì, a ní mọ́sáláṣí mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà tún bèèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́. Ó ní kí ni orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà lọ́dọ̀ wa, a kò sọ ọ́ lórúkọ rí! Mo ní kí ìyá rẹ gbé oyin wá, mo tọ́ ọ wò fún un nítorí kò lẹ́nu, mo sì sọ ọ́ ní Àjọṣe. Ìyá rẹ ní ta ló bí i.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ó ní kí n fún òun ní páásíwọ́ọ̀dù. Sìdíkátù ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni, òun ni yóò máa ṣí kọ̀ǹpútà bíi kọ́kọ́rọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ mi, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí mi, kò gbọdọ̀ jẹ́ ohunkóhun tí ẹlòmíràn mọ̀. Ó yí ojú padà kí n lè tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó, mo ro gbogbo ayé mi. Ọmọ mi, mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, káfíńtà ìta gbangba ni mí, kò sí ohun kan nípa mi tí Egan kò mọ̀. Wọ́n mọ iye eyín tó kù lẹ́nu mi. Wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo jẹ ẹran Iléyá tí ìyá rẹ fi pamọ́ fún àlejò. Ohun kan ṣoṣo tó kù láyé tó jẹ́ èmi àti Ọlọ́run nìkan la mọ̀ ọ́n ni orúkọ tí mo ti ní lọ́kàn fún ọmọ yín. O mọ̀ pé a kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ìkókó ni, àlejò ni, ẹnu kì í kàn án. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ, n kò sọ ọ́ fún ìrọ̀rí mi. Òun ni mo tẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ìyá rẹ bi mí ní ohun tí mo tẹ̀, tí mo jẹ́wọ́ pé orúkọ ọmọ ni, ó gbé ìgbákọ sílẹ̀. Ó ní ọdún mọ́kànlélógójì tí òun ti ń gbọn eruku igi kúrò lára aṣọ mi, n kò lè sọ orúkọ ọmọ ọmọ òun fún òun, irin ni mo sọ ọ́ fún. Mo ní, Ìyá Yahya, ẹnu mi kò sọ ọ́, ìka ló tẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, kí irin náà máa se ọbẹ̀ fún mi. Gààrí ni mo mu lálẹ́ ọjọ́ náà, gààrí ni mo tún mu láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Mọ́ńdè yẹn kan náà ni mo ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà wò, bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnnì kan yọ kúrò lára kíbọ́ọ̀dù bí eyín ọmọ ọdún méje. Lẹ́tà B ni. Mo ní ṣé ìyẹn náà ni iṣẹ́. Mo da gọ́ọ̀mù igi sí i, mo fi kíláǹpù há a mọ́lẹ̀ dáadáa, mo fi sílẹ̀ kó gbẹ. Nígbà tí mo tú u, ó le bí òkúta. Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ sílẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kò mì. Yahya, láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò lẹ ohun tó yẹ kó máa mì rí.

Sìdíkátù sáré wá. Ó bi mí pé ṣé lẹ́tà yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ àṣírí mi, mo ní ó wà níbẹ̀, kí n tó mọ̀ pé ìyá rẹ àti Ràímì dúró lẹ́nu ọ̀nà. A kò tíì kírun Àsàrì tí gbogbo Egan fi mọ̀ pé B wà nínú orúkọ ọmọ Yahya. Ràímì ní Babátúndé ni. Mo bi í pé ṣé mo ti kú ni, tí mo bá ti kú, ta ló máa tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe? Ó ní ó dáa, Bàṣírù ni. Ọláfimíhàn ní Bọ́láńlé. Ìmáàmù ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ jàre, Abdul èyíkéyìí ní B nínú. Mo ṣe ojú bíi pákó.

Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Sìdíkátù ní ọ̀nà méjì ló wà, kíbọ́ọ̀dù mìíràn, àbí kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, òun kò sì ní ráyè ṣe ìyẹn títí di Ọjọ́ Àìkú. Kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ó ní àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ló kún ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n ń lo gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní tàbí kí n kàn sọ ọ̀rọ̀ náà fún òun, bóyá òun lè bá mi wá ọgbọ́n dá sí i. Mo jókòó síwájú Àjọṣe, mo ń wò ó. Bí mo bá pe orúkọ yẹn ṣáájú ọjọ́, mo ti ba ohun tí àwọn bàbá mi kò bà jẹ́. Bí n kò bá pè é, wọn yóò sọ ọmọ lórúkọ ní Àbújá, èmi yóò sì máa wo dígí dúdú ní Egan. Mo ní kí Sìdíkátù máa lọ.

Àárọ̀ yìí, bí mo ti ń jáde, òun náà ló ń bọ̀ yẹn, ó gbé kíbọ́ọ̀dù sábẹ́ híjáàbù nítorí òjò. Ó ní àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi ló ní kí òun mú ọ̀kan lọ fún Bàbá. Wọ́n ní bí àwọn ti rí ibi jókòó yìí, àwọn lè dúró de ara wọn títí di Sátidé. Àáró padà wálé! Mo ní kí gbogbo wọn kọjú sí ògiri. Ràímì kọjú sí ògiri, Sìdíkátù kọjú sí ògiri, ìyá rẹ náà kọjú sí ògiri. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wú mi lórí ni pé kọ̀ǹpútà náà mọ àṣà, kò kọ orúkọ náà jáde, àmì dúdú róbótó róbótó ló ń tò síbẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ìyá rẹ lẹ́yìn mi tó ní, mẹ́jọ. Ó ti ka àmì náà. Gbogbo Egan tún ti mọ̀ báyìí pé lẹ́tà mẹ́jọ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣí, ọmọ mi! Ó ṣí. Sìdíkátù tan kámẹ́rà, mo rí bàbá arúgbó kan níbẹ̀, mo kí i kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Ọ̀rọ̀ àpótí ló kù. Mo ti gbẹ́ orúkọ náà sára igi ìrókò pẹlẹbẹ, mo gbé e sínú àpótí náà. Kí n tó dè é ni mo pe ìyá rẹ, mo ní kó má bínú, ohun tí kì í ṣe tèmi nìkan ni mo dá nìkan pa mọ́, kí òun náà fi orúkọ kan sí i. Ó wọ yàrá, ó jáde pẹ̀lú ìwé tó ká sí mẹ́rin, ó ní kí n kọjú sí ògiri. Yahya, mo kọjú sí ògiri! Mo bi í pé lẹ́tà mélòó ni. Ó ní kí n lọ bi irin. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja ni mo jẹ lọ́sàn-án yìí.

Síkúrù mẹ́rin ni mo fi dè é. Ní Sátidé, tí Ìmáàmù yín bá ti ṣàdúà tán, ni kí o tú u. Má fi ọ̀bẹ ìdáná tú u o. Pe orúkọ tèmi, pe ti ìyá rẹ, súnmọ́ kámẹ́rà, kí o sì pe méjèèjì sókè.

N kò bèèrè owó kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Owó kíbọ́ọ̀dù nìkan ni, torí ti Sìdíkátù ń padà lọ lálẹ́ Sátidé. Àti ti epo jẹnẹrétọ̀, torí iná wa kò mọ ọjọ́ ìkómọ. Àti ti dátà inú módẹ́ẹ̀mù tó ń gbé àwòrán wọlé, tí Sìdíkátù ní fídíò máa ń mu bí omi. Àti ti búrẹ́dì àti mínírà, torí Ràímì ti kéde fún ẹgbẹ́ onílé pé pálọ̀ mi ni wọ́n ti ń wo ìkómọ. Ọ̀fẹ́ yìí náà ń jẹun díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ tó ti àtijọ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ilé rẹ níbi tí ọdẹ kò lè ṣọ́ dé. Ilẹ̀kùn oore kò ní lẹ̀ mọ́ férémù nígbà tí o bá tì í. Ọmọ tí a fẹ́ sọ lórúkọ yìí yóò jẹ́ orúkọ náà dọ́jọ́ ogbó, yóò sì rí ẹni bá a ṣe àáró tirẹ̀. Ìwọ àti Hamdalah kò ní fi ojú sunkún ọmọ.

Ohun kan ló kù. Tí o bá ti pe orúkọ náà ní Sátidé, gbogbo Egan ni yóò gbọ́ ọ, kò sì ní sí ẹni tí kò lè ṣí kọ̀ǹpútà yìí mọ́. Sìdíkátù ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti mọ̀ kì í dáàbò bo nǹkan, a gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti wá gbogbo inú mi, n kò ní àṣírí mìíràn níbẹ̀. Bá mi fi pẹ̀lẹ́ sọ fún Hamdalah. N kò kánjú, kó sinmi dáadáa, kó jẹun, kó fún èyí tó wà lọ́wọ́ lọ́mú tó ná. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, Àjọṣe yóò fẹ́ orúkọ tuntun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tìjání Ọláìtán, Káfíńtà.